Àgádágodo Ọmọ Ìyèbíyè

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí Akínbọ́lá ti ń wá orúkọ obìnrin kan tí kò rí rí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ dè.

Ẹ má tíì pòṣé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó gbé e dé ibẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ni Akínbọ́lá ti ń rẹ́ ògiri ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ilé kọnkéré etí adágún Southmere yẹn, tó ti ń mu omi bí ọ̀mùtí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ wọn, òun ló mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń sunkún. Bó bá ti fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri, á ní, “Òkè lomi yìí ti ń bọ̀, kì í ṣe ilẹ̀,” bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé. Àwọn tó ni àwọn ilé náà kọ ọ́ gbàǹgbà pé bí ọdún tuntun bá ti wọlé, kò sí kọ́lékọ́lé tí kò gba láísẹ́ńsì wọn tó tún gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri kankan níbẹ̀. Nínú àwọn ará àdúgbò tó ń rẹ́ ògiri, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Ẹni méjì ló sì kọ̀wé béèrè rẹ̀, ìdánwò ni wọ́n sì máa fi mú ọ̀kan. Akínbọ́lá ni ọ̀kan. Èkejì ni Ayọ̀dèjì.

Ayọ̀dèjì kẹ̀! Ọmọ tó sọ̀ sí Woolwich pẹ̀lú bàtà kan àti ikọ́ méjì! Akínbọ́lá ló mú un wọlé, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di tírówẹ̀lì mú kí ọwọ́ má ro ó, ìyá Akínbọ́lá ló sì fún un lóúnjẹ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ó ti dá dúró báyìí. Ó ti ra ọkọ̀ akẹ́rù funfun, ó so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n sì ti gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ náà bá kọjá, Akínbọ́lá á kẹ̀yìn sí títì.

Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn ni àmì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìhó omi kékeré tó ń gbé inú lẹ́fẹ̀lì tó fi ń wọn ògiri, tó yẹ kó dúró láàárín bí ògiri bá gún, kò dúró mọ́. Ó gbé e lé ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́, ìhó sá lọ sápá òsì. Ó gbé e lé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sá lọ sápá òsì. Ní ọ̀sán gangan, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan wá jókòó sórí àpò pílásítà rẹ̀, ó ń wò ó bí onílé ṣe ń wo ayálégbé. Ó sọ òkò sí i. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wo òkò, ó wo Akínbọ́lá, ó yán.

“Ayọ̀dèjì ló ń ṣiṣẹ́ lé mi lórí,” ni Akínbọ́lá wí. “Kò burú. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn pa mọ́. Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde.

*

Auntie Idiat ń gbé ilé ìsàlẹ̀ kan ní Belvedere, níbi tí òórùn ilé iṣẹ́ etí odò kì í ti í jẹ́ kéèyàn mọ ohun tí ará ilé kejì ń sè. Láàárọ̀, ó ń fọ ilẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Lọ́sàn-án, àwọn èèyàn ń wá fọ nǹkan mìíràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ tó ń tàn bí iná ọkọ̀ nígbà tí Akínbọ́lá jókòó síwájú rẹ̀.

“Kí lo fẹ́ kó ṣe é?”

“Kó má kú o, Auntie! Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí.” Akínbọ́lá wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Kó ṣáà má lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹnu ni wọ́n fi ń bini, ẹnu lèèyàn fi ń dáhùn. Ẹ bá mi ti ẹnu yẹn pa.”

“Ta ni ìyá rẹ̀?”

“Ìyá Ayọ̀dèjì.”

Idiat wò ó títí, bí ìgbà tí wọ́n bá béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní “ilé wa” ni.

“Ìyá Ayọ̀dèjì! Ṣé Ìyá Ayọ̀dèjì ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kó o jáde? Ayọ̀dèjì mélòó ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù? Bí mo bá ti Ayọ̀dèjì pa báyìí, ìdajì awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú yìí ni ò ní lè ní ‘ẹ wọlé’. Ìyá là ń dì mú, Akin. Orúkọ tó ń jẹ́ kó tó di ìyá ẹnikẹ́ni. ‘Ọmọ Lágbájá, tó ń rẹ́ ògiri.’ Ó tán. Kò ní ibi tó máa sá gbà.”

“Èmi ò mọ̀ ọ́n.”

“Lọ wá a. Kí o sì ra àgádágodo tuntun. Má ra èyí tí wọ́n ti lò, ìyẹn ti mọ ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn.” Ó dìde láti sìn ín jáde, ṣùgbọ́n ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú. “Má gbé orúkọ tí kò dá ẹ lójú wá fún mi o. Ẹrù tí kò bá rí ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, kì í padà sọ́dọ̀ mi. Á máa bi ọ̀nà lọ ni, títí á fi rí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà.”

*

Bí wíwá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìjọ wọn kò ju ogójì èèyàn lọ, nínú gbọ̀ngàn kan ní Thamesmead East. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Akínbọ́lá dìde nínú sùtánà funfun rẹ̀, ó ní ẹ̀mí sọ fún òun pé kí wọ́n ṣe àkànṣe àdúrà fún àwọn ìyá, kí olúkúlùkù kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sórí ìwé pélébé, kí wọ́n kó o fún òun. Halelúyà sọ. Wọ́n kọ ọ́. Ó kó ọgbọ̀n ìwé lọ sílé, ó ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó tú wọn palẹ̀.

Mary mọ́kànlá. Esther mẹ́sàn-án. Deborah méje. Ẹnì kan kọ “Ìyá Ìbejì”. Ẹnì kan ya òdòdó. Ayọ̀dèjì, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ, kọ ọ́ báyìí: “Ìyá mi ọ̀wọ́n. Olúwa mọ̀ ọ́n.”

Gbogbo wọn ló ti pariwo láàárọ̀ pé kò sí ohun ìjà tó lè rí àwọn gbé ṣe, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Inú bí Akínbọ́lá, àmọ́ kò lè bínú dé ibi tó wù ú. Òun náà, Mary ló kọ. Bernice sì ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù.

Ó lọ bá ìyá náà ní fúláàtì rẹ̀ létí adágún. Mama ń ṣa ẹ̀wà.

“Mummy, nígbà tí Ayọ̀dèjì ń gbé ọ̀dọ̀ wa, ṣé kò fìgbà kan dárúkọ ìyá rẹ̀ fún yín?”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Àdúrà ni.”

Mama mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó gbé e sókè sí iná, ó wò ó. “Ọlọ́run tó fẹ́ gbọ́ àdúrà ọ̀hún, òun ò mọ ìyá rẹ̀ ni?”

*

Ibi tí kò wò ló ti rí i.

Moráyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Woolwich tó ń ta irun, tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, tó sì ń bá àwọn àgbà kọ fọ́ọ̀mù sórí kọ̀ǹpútà. Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí Akínbọ́lá lọ parí fọ́ọ̀mù láísẹ́ńsì tirẹ̀.

“Uncle, wọ́n ní kẹ́ ẹ mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan o, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń wọlé. Orúkọ ìyá yín ni wọ́n ń béèrè.”

Akínbọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. “Àwọn òyìnbó náà ń gba orúkọ ìyá?”

“Gbogbo ìgbà ni, Uncle. Báńkì gan-an ń gbà á.”

“Mary,” ni Akínbọ́lá wí kíákíá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni iyè rẹ̀ là. Ṣé kì í ṣe fọ́ọ̀mù kan náà ni Ayọ̀dèjì kọ? Ta ló bá a kọ ọ́ bí kò ṣe Moráyọ̀ yìí?

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé há. Moráyọ̀ pòṣé, ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ mú ìwé. Akínbọ́lá fa abọ́ ẹ̀rọ náà jáde díẹ̀. Ìwé àtijọ́ kan ló há níbẹ̀, ó ti wúnjọ bí ewé gbígbẹ. Ó tẹ́ ẹ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń tẹ́ pílásítà. Ayọ̀dèjì. Ọjọ́ orí. Àdírẹ́sì. Orúkọ ìyá: Ìyèbíyè.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àmì ohùn wà lórí rẹ̀ pé pérépéré.

“Auntie Moráyọ̀,” ó ń díbọ́n pé òun ń ka pátákó irun lára ògiri, “ṣé ẹ máa ń fi àmì sí Yorùbá lórí fọ́ọ̀mù?”

“Èmi kẹ̀? Àfi Uncle Ayọ̀dèjì tó wá lọ́jọ́sí. Ó dúró lé mi lórí. Ó ní kí n fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, pé ẹni iyì ló ni ín.”

Akínbọ́lá jáde sí títì, ojú ọjọ́ tutù, ó ń rẹ́rìn-ín. Èèyàn lè kọ irọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì ohùn sí irọ́?

*

Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, òkùnkùn Lọ́ńdọ̀nù kì í dúró de alẹ́ mọ́. Ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀, ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Thames ti fà sẹ́yìn kúrò létí Belvedere, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń dán, ó sì ń rùn bí ohun tí wọ́n sin tí kò jìn tó.

Auntie Idiat tú àgádágodo náà kúrò nínú páálí. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà lára rẹ̀, bí ti gbogbo àgádágodo tuntun. Ó fún Akínbọ́lá lọ́kan. Ó fi okùn sí ìkejì, ó fi kọ́ ọrùn.

“Auntie, tiyín yẹn ńkọ́?”

“Ìwọ tó ń kọ́lé ló ń bi mí? Ta ló ń ti ilẹ̀kùn láìmú kọ́kọ́rọ́ kan pa mọ́? Jẹ ataare yìí. Pè é.”

Akínbọ́lá jẹ ataare méje. Ahọ́n rẹ̀ gbiná. Ó kọjú sódò.

“Ọmọ Ìyèbíyè, tó ń rẹ́ ògiri!”

Ògiri ilé ìkẹ́rùsí gba ohùn náà, ó jù ú sódò.

“Ọmọ Ìyèbíyè, tó ń rẹ́ ògiri!”

Àwọn ẹyẹ odò dìde lórí ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan kò ké nínú wọn.

“Ọmọ Ìyèbíyè, tó ń rẹ́ ògiri!”

Kò tíì pa ẹnu dé tó fi yíjú padà wìì, bí ìgbà tí ìyá ẹni bá pe ni láti ìdí ààrò. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

“Kí lo yíjú sí?” ni Idiat bi í.

“Ó... ó dà bí ẹni pé wọ́n pè mí ni.”

Obìnrin náà wò ó. Ó wò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. “Ṣé orúkọ yẹn dá ẹ lójú?”

“Àmì ohùn wà lórí ẹ̀, Auntie!”

*Pọ́!* Àgádágodo wọlé síra. Akínbọ́lá ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú Thames. Kò gbọ́ kó balẹ̀.

*

Ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n fi jí i lọ́jọ́ kejì: ìhó inú lẹ́fẹ̀lì ti padà sí àárín! Ó gbé e lé ògiri, ó dúró láàárín. Ó jó. Ó gbé e lé tábìlì, ó dúró láàárín. Ó tún jó. Ó wá gbé e lé àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, tó ti tẹ̀ bí ọ̀mùtí. Ó dúró láàárín. Akínbọ́lá kò jó mọ́. Ó yí irinṣẹ́ náà dojú dé, ó gbọ̀n ọ́n, ó nà án lóró. Ìhó náà kò mira. Ńṣe ló dà bí ohun tí wọ́n tì mọ́bẹ̀.

Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni.

“Akin, ìwọ lo wá sẹ́yìn fèrèsé mi lánàá?”

“Rárá o, Mummy. Nígbà wo?”

“Agogo mẹ́rin. Ẹnì kan pè mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ife bọ́ lọ́wọ́ mi.”

“Tẹlifíṣọ̀n ni, Mummy.”

“Tẹlifíṣọ̀n wo ló mọ̀ mí?” ni Mama wí. “Ó dáa. Mo ti dáhùn ná kí n tó rántí pé kò yẹ kéèyàn dáhùn.”

Ó yẹ kó béèrè orúkọ tí wọ́n fi pè é. Kò béèrè. Adùn irin wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ń wá omi.

*

Ọjọ́ Mọ́ńdè. Ilé òfìfo kan nísàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù kan létí Southmere ni wọ́n ti ṣe ìdánwò. Yàrá méjì, ògiri méjì, ọkùnrin méjì. Keziah ló wá yẹ̀ wọ́n wò, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí ìlú yìí, tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò tíì pàdé “ẹ” rí.

“Mr Akínbọ́lá, ṣé o ti ready?”

Akínbọ́lá gbé ìwọ̀sí yẹn mì. Ó rẹ́ ògiri. Ẹ̀yin ará, ó rẹ́ ògiri! Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí ìgbà tí wọ́n ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára. Nígbà tó máa di ọ̀sán, ògiri náà ti ń dán débi pé Keziah bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kó lè fi ọwọ́ lásán kàn án.

“Wow. Ó kù kí n bi ẹ́ ní ìbéèrè márùn-ún.” Ó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. “Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe kí o tó fi irin gbẹ́ ògiri àtijọ́?”

Wáyà iná ni! Kéèyàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wáyà iná wà nínú rẹ̀! Akínbọ́lá ti sọ ọ́ fún Ayọ̀dèjì nígbà igba. Ó la ẹnu.

*Pọ́.*

Etí rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, eyín rẹ̀ wà níbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sùn sílẹ̀ láàárín wọn bí òkú ẹja. Ó ti í, kò lọ. Ó fi ìka tì í. Keziah sún sẹ́yìn.

Láti yàrá kejì ni ohùn Ayọ̀dèjì ti ń wá, ó ń bá ara rẹ̀ ka ìdáhùn sórí geere, bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti pa.

Akínbọ́lá ṣe àmì bírò. Keziah mi orí. “Sorry. Ìbéèrè ẹnu ni. Tí ògiri bá fẹ́ wó, ṣé lẹ́tà lo máa kọ sí àwọn tó wà nísàlẹ̀? Wò ó, lọ mu omi. Agogo mẹ́rin ni mo máa fi orúkọ ránṣẹ́. Tí ohùn ẹ bá dé kó tó lù, mo wà ńbí.”

Agogo méjì ti kọjá díẹ̀. Keziah lọ wo ògiri Ayọ̀dèjì nínú yàrá kejì. Ayọ̀dèjì jáde wá, ike omi kan lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọ̀gá mi, kí ló ṣe yín? Ẹ gbà, ẹ fi rẹ ọ̀fun.”

Akínbọ́lá gbá ike náà dànù. Ṣé o rí i? Ó ti mọ̀! Ó ti dá a padà! Ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú, ó fẹ́ bi í pé irú ìyá wo ló bí i, kò sí ohùn. Ó mú ìṣó kan nílẹ̀, ó kọjú sí ògiri rẹ̀ tó rẹwà yẹn, tí kò tíì le tán, ó sì fi ìṣó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà:

TA NI ÌYÈBÍYÈ?

Ilẹ̀kùn ṣí. Mama ló wọlé, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ kan, báàgì dúdú rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ó ti se ẹ̀wà ọ̀hún fún àwọn méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó wo ògiri. Kúlà kanlẹ̀.

“Ta ló kọ orúkọ mi sára ògiri?”

*

Ayọ̀dèjì ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

“Mama, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Fọ́ọ̀mù ni mo kọ ọ́ sí, bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe é.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi.” Mama ṣì ń wo ògiri. “Ó ní wọ́n ń béèrè orúkọ ìyá òun, pé ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní kó kọ tèmi. Orúkọ tí bàbá mi fi ń pè mí kí wọ́n tó sàmì fún mi ní Bernice ni. Mo ní gbogbo ẹnu tó mọ̀ ọ́n ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sí alààyè tó máa pè é.” Ó wá yíjú sí ọmọ tó bí. Ọ̀kan ṣoṣo ló bí. “Akin. Kí lo fi orúkọ mi ṣe?”

Ẹ wo ìdájọ́! Ọkùnrin tó fẹ́ jẹ́wọ́ kò ní ẹnu tó máa fi jẹ́ ẹ. Akínbọ́lá wólẹ̀. Ó tọ́ka sí ẹnu rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ nínú afẹ́fẹ́, ó na ìka mẹ́rin sókè.

“Jímọ̀,” ni Mama wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Agogo mẹ́rin. Níbo?”

Ó tún mú ìṣó. BELVEDERE.

Keziah yọjú. “Excuse me! Ta ló ń kọ lẹ́tà sí ògiri ìdánwò?”

“Má bínú, ọmọ mi,” Mama ti di apá ọmọ rẹ̀ mú. “Ọ̀fun ló ń dùn ún. A fẹ́ lọ gba oògùn wá.”

*

Agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n kan ilẹ̀kùn Idiat. Ogún ìṣẹ́jú ni bọ́ọ̀sì ń lò padà. Àyè wà. Akínbọ́lá ti ṣírò rẹ̀ ní orí ìjókòó: kí wọ́n ṣí i, kó sáré, kó sọ pé wáyà iná, kó rẹ́ ìkọ̀wé yẹn dé. Àyè wà!

Idiat ṣí ilẹ̀kùn. Ó rí Akínbọ́lá, ó rí ìyá arúgbó lẹ́yìn rẹ̀.

“Èmi ni Ìyèbíyè,” ni Mama wí.

Idiat, tí kì í kúnlẹ̀ fún ọba, tí kì í kúnlẹ̀ fún pásítọ̀, wólẹ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn. “Ma, mi ò mọ̀ o. Mo bi í. Mo bi í léèrè bóyá ó dá a lójú!” Ó sáré lọ sídìí fíríìsà, ó kó ẹja dídì kúrò, ó yọ àgádágodo jáde nínú ọ̀rá. Yìnyín ti bò ó. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. “Ẹ̀yin ni ẹ máa ṣí i, Ma. Orúkọ yín ló tì í. Bí ẹ ò bá ṣí i, kò sẹ́ni tó máa rí i ṣí.”

Mama gba àgádágodo. Ó gba kọ́kọ́rọ́. Akínbọ́lá la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ, ó ń dúró.

“Ayọ̀dèjì lo fẹ́ tì pa?”

Ó fi orí dáhùn.

“Ayọ̀dèjì tó ń fi omi gbígbóná pa orúnkún mi nígbà tó wú, tí ìwọ ò ráyè, tí o wà níbi iṣẹ́?”

Ó wo ilẹ̀. Ó tún fi orí dáhùn.

Mama fa àga kan, ó jókòó. Ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. “Idiat, ṣé ẹ ní tíì?”

“Tíì, Ma?”

“Ṣúgà mẹ́ta.”

Akínbọ́lá na ìka sí aago ara ògiri. Mama ń fẹ́ tíì rẹ̀. Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì dún. Mama fi ọwọ́ kan pa á lórí, jẹ́jẹ́, ó fi ọwọ́ kejì gbé ife. Ìdajì wákàtí kọjá. Bọ́ọ̀sì kan kọjá níta. Ọ̀kan tún kọjá. Ojú ọ̀run ń ṣú bọ̀ láti òkè odò, Idiat kò gbójúgbóyà tan iná. Kọ́kọ́rọ́ náà ń dán lórí ẹsẹ̀ Mama, ó sún mọ́ imú Akínbọ́lá débi pé ó ń gbóòórùn irin rẹ̀, òórùn kan náà tó wà lórí ahọ́n rẹ̀.

Aago lù. Mẹ́rin.

Fóònù Akínbọ́lá gbọ̀n nínú àpò. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ wò.

Mama gbé ife sílẹ̀. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo. “Akínbọ́lá,” ó pè é, ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀, “ọmọ Ìyèbíyè.” *Pọ́.*

Gbogbo ohun tó ti kó sí àyà láti àárọ̀ ló rọ́ wá sẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: wáyà iná, èpè, ẹ̀bẹ̀, Keziah tí kò mọ “ẹ”. Ẹnu ṣí. Èyí tó jáde kò ju ti ọmọ tí wọ́n pè láti ìdí ààrò.

“Mummy, mo gbọ́.”

“Ó pẹ́ kí o tó gbọ́,” ni Mama wí. Ó ju kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo sínú báàgì dúdú rẹ̀, ó pa báàgì dé.

“Ma,” ni Idiat sọ láti orí ìkúnlẹ̀, “wọ́n máa ń sọ ọ́ sódò ni.”

“Ẹni mẹ́rin ló mọ orúkọ mi báyìí, tí mo bá yọ Ọlọ́run kúrò,” ni Mama wí. “Mo nílò nǹkan tí n ó fi tì í.”

*

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, láísẹ́ńsì wà ní gíláàsì iwájú ọkọ̀ Ayọ̀dèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún un ni ògiri kan nísàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù etí Southmere, tí ẹnì kan fi ìṣó kọ nǹkan sí. Ó pe ẹni tó mọ ògiri náà jù. “Ọ̀gá mi, ẹ wá bá mi rẹ́ ẹ.” Abẹ́ láísẹ́ńsì rẹ̀ ni Akínbọ́lá ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà.

Ó ti rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó bá ti gbẹ, orúkọ náà á tún là jáde wẹ́rẹ́, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀.

Mama ń gbé oúnjẹ wá fún wọn lọ́sàn-án. Á jókòó sórí àpò pílásítà, á gbé báàgì dúdú sáàárín wọn. Lọ́jọ́ kan, Akínbọ́lá nu ọwọ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Tó bá jẹ́ pé ẹjọ́ òdodo ni, èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n fún...”

Mama kò wò ó. Ó kàn ki ọwọ́ bọ báàgì, bí ẹni tó ń wá aṣọ ìnujú.

“... èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n fún lẹ́ran kan sí i,” ni Akínbọ́lá wí kíákíá, ó sì na abọ́.